Igbó Ìjọba, Igbó Owó, Igbó Èèwọ̀: Kíka ìwé John F. Oates láti agbègbè Atakpamé

Àkótán

Iṣẹ́ yìí jẹ́ lámèyítọ́ lórí ìwé Myth and Reality in the Rain Forest, tí John F. Oates, onímọ̀ nípa ọ̀bọ inú igbó, kọ, tí University of California Press sì tẹ̀ jáde ní 1999. Oates jiyàn pé àwọn ètò tó ń fi owó àti ìdàgbàsókè fa ojú àwọn ará abúlé mọ́ra ti kùnà láti dá ẹranko igbó sí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. A gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí èyí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tógò lẹ́yìn ọdún 1990 fi hàn pé òfin àti ẹ̀ṣọ́ nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ tí owó kò rí ṣe. A ó fi ọ̀rọ̀ ẹdun ṣàlàyé pé èèwọ̀ jẹ́ ìdí kẹta fún dídá ẹranko sí, àti pé ìwé náà kò fún un ní àyè tó yẹ.

1. Ìwé náà àti ẹni tó kọ ọ́

Ní ilé wa, a kì í sọ pé forêt classée. Igbó ìjọba ni a ń pè é. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Atakpamé, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní gbogbo ohun tó jẹ mọ́ igbó: aire protégée, faune, reboisement. Nílé, èdè Ifẹ̀ tiwa, tí àwọn ìwé Faransé ń pè ní Ana, ni ìyá àgbà fi ń sọ fún wa ibi tí a ti lè ṣẹ́gi àti ibi tí a kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ àti ìyá àgbà ń sọ, àti pé ẹnu wọn kò kò lórí rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi lórí igbó tó yí Atakpamé ká, ìwé Oates ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ìwé atúmọ̀ èdè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí mo fi parí rẹ̀. Inú mi dùn pé mo kà á. Ìwé tí onímọ̀ ẹranko kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ nínú igbó wa kò pọ̀, èyí tó sì ń jẹ́wọ́ ìjákulẹ̀ kò pọ̀ rárá.

Oates ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní London nígbà tí ó kọ́kọ́ dé apá ibí yìí ní 1964, ní erékùṣù Fernando Po tí a ń pè ní Bioko lónìí. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Uganda, ó ń tẹ̀lé ẹdun ọlọ́wọ̀ọ́ dúdú àti funfun ká nínú igbó fún iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé. Ó ṣiṣẹ́ ní gúúsù Íńdíà, ní erékùṣù Tiwai ní Sierra Leone, ní igbó Okomu ní Nàìjíríà, ní agbègbè Cross River, àti ní Gánà. Ó ti jẹ́ olùkọ́ rí ní Hunter College ní New York. Ẹni tó ka ìwé náà á rí i pé ohun tó gbé ọkùnrin yìí rìn láti igbó dé igbó kò yí padà: ó fẹ́ kí àwọn ẹranko tó mọ̀ wọ̀nyẹn máa wà láàyè. Ní ibi púpọ̀, wọn kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ó padà wá.

2. Ohun tí ìwé náà ń sọ

Láàrin ọdún 1980 sí 1990, àwọn àjọ ńláńlá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó yí ohùn wọn padà. Wọ́n ní a kò lè dá ẹranko sí bí kò ṣe pé àwọn ará abúlé rí èrè níbẹ̀. Nítorí náà, owó tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣọ́ igbó di owó ọ̀nà, owó ilé ìwòsàn, owó ohun ọ̀gbìn àti owó ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Oates sọ pé àròsọ ni ìrètí yẹn, òun ni ọ̀rọ̀ Myth inú àkọlé ìwé rẹ̀ ń tọ́ka sí.

Àpẹẹrẹ Okomu ni mo rò pé ó lágbára jù lọ. Igbó yìí wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Benin, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Oates wà lára àwọn tó jà kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún ẹranko. Nígbà tí ètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn àgbẹ̀ tó wà létí igbó bẹ̀rẹ̀, ó ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ náà jẹ́ àlejò, tí oko ló gbé wọn débẹ̀. Bí a bá ń ran ẹni tó wá dáko létí igbó lọ́wọ́, ẹlòmíràn á gbọ́, á sì wá. Owó tí wọ́n ní yóò dín ìnira igbó kù tún fi kún un. Ọ̀rọ̀ Cross River National Park, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, jọ èyí: ìlérí ìdàgbàsókè fún àwọn abúlé tó yí i ká pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú ṣẹ lọ.

Oates tún kọ ìgbàgbọ́ mìíràn sílẹ̀. Kò gbà pé àwọn ará abúlé Áfíríkà jẹ́ olùtọ́jú igbó láti ìṣẹ̀dá wá, tí yóò fi tó kí a kàn dá igbó padà fún wọn. Ó ti rí ọdẹ tó pa ọ̀bọ tó kẹ́yìn nínú igbó. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí a dá ẹranko sí nítorí ẹranko fúnra rẹ̀, kí ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ̀ṣọ́ tó mọ iṣẹ́ máa ṣọ́ ọ, kí owó àkànṣe tí kò lè tán sì wà fún iṣẹ́ náà. Ó mú Íńdíà ṣe àpẹẹrẹ orílẹ̀-èdè tí òtòṣì pọ̀ sí, síbẹ̀ tí ìjọba ń ṣọ́ igbó ẹranko.

Ọdún kan lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, òun àti mẹ́rin nínú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé àtìgbàdégbà Conservation Biology. Wọ́n kéde níbẹ̀ pé ó jọ pé ẹdun pupa tí a ń pè ní ti Miss Waldron ti kú tán ní Gánà àti Côte d'Ivoire. Láti 1993 sí 1999 ni wọ́n fi wá a. Lẹ́yìn náà W. Scott McGraw rí awọ kan ní Côte d'Ivoire, èyí tó mú kí àwọn kan ṣì máa wá a. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìbínú fi wà nínú ìwé 1999 yẹn gbọ́dọ̀ rántí pé ní àkókò tí ó ń kọ ọ́ gan-an ni ó ń wá ẹranko tí kò rí.

3. Ohun tí ojú Tógò rí

Ìwé náà kò sọ púpọ̀ nípa orílẹ̀-èdè wa, ṣùgbọ́n ìtàn wa bá àríyànjiyàn rẹ̀ mu dáadáa. Tógò ti dán ìmọ̀ràn rẹ̀ wò kí ó tó kọ ọ́: ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀, òfin líle, àti ẹ̀ṣọ́ tó ní ìbọn.

Àwọn Faransé ló kọ́kọ́ sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ igbó di forêt classée. Lẹ́yìn òmìnira, lábẹ́ ìjọba Eyadéma, wọ́n sọ ibòmíràn di ilẹ̀ ẹranko, wọ́n sì fẹ àwọn kan lójú, bíi Kéran ní àríwá. Ní àpapọ̀, agbègbè 83 ni wọ́n yà sọ́tọ̀, tí ó tó nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 ilẹ̀ Tógò. Fún orílẹ̀-èdè kékeré tí iṣẹ́ àgbẹ̀ ń bọ́, ìyẹn pọ̀. Wọ́n lé àwọn ènìyàn kúrò ní abúlé bàbá wọn, ṣọ́jà sì wà pẹ̀lú àwọn forestier. Erin pọ̀ ní Kéran nígbà náà. Bí a bá ka ẹranko nìkan, ètò náà ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1990, àwọn ènìyàn jáde sí ìgboro Lomé. Ìpàdé àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wáyé ní 1991, agbára ìjọba sì mì. Àwọn tí wọ́n ti lé kúrò padà sí ilẹ̀ wọn. Wọ́n gé igi, wọ́n dáko, wọ́n sì pa ẹranko. Erin Kéran kò sí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní Fazao-Malfakassa, igbó ẹranko tó tóbi jù ní Tógò, tó tó 192,000 hẹ́kítà, tó sì wà ní àríwá ọ̀dọ̀ wa, àjọ Franz Weber ti Switzerland ló ń bójú tó o láti 1990 títí di 2015. Ibẹ̀ ni ẹranko ńlá ti ṣẹ́ kù jù.

Ẹni tó fara mọ́ Oates lè dá mi lóhùn níbí. Ó lè ní: “Ṣé ẹ rí i? Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kúrò ni ẹranko tán. Fazao tó ní olùṣọ́ ló ṣẹ́ kù.” Ìdáhùn yìí lágbára, mi ò sì fẹ́ fò ó dá. Òótọ́ ni pé ẹ̀ṣọ́ ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè ìdí tí ìbínú àwọn ènìyàn fi dé orí ẹranko. Ní ọdún wọ̀nyẹn, lójú àwọn tí wọ́n lé kúrò, erin ti di erin ìjọba bí igbó ṣe di igbó ìjọba. Ẹni tó pa á kò rò pé òun pa ohun tó jẹ́ tiwọn. Irú ìtọ́jú tó sọ ẹranko di ọmọ ogun ìjọba gbọ́dọ̀ máa gbàdúrà pé kí ìjọba náà má ṣubú, àdúrà yẹn kì í sì í gbà lọ títí ní apá ibí wa. Oates mọ èyí nínú ìrírí tirẹ̀. Tiwai, tí wọ́n sọ di ilẹ̀ ẹranko ní 1987, bọ́ sínú ogun Sierra Leone láti 1991.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ gbé yẹ̀ wò. Àwọn igbó kéékèèké kan wà ní Tógò tí ṣọ́jà kò ṣọ́ rí, tí kò sì sí owó àjọ kankan níbẹ̀. Kouami Kokou, onímọ̀ ewéko ní Yunifásítì Lomé, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ púpọ̀ nípa igbó mímọ́ gúúsù Tógò. Igbó wọ̀nyí kéré, síbẹ̀ inú wọn ni a ti ń rí igi àti ewé ẹgàn àtijọ́ tí oko ti gbá lọ ní àyíká wọn. Owó kọ́ ni ó ṣọ́ wọn, forestier náà kọ́.

4. Ìbéèrè tí mo bi wọ́n, àti ọ̀rọ̀ ẹdun

Mo ní láti jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi kí n tó tẹ̀síwájú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí abúlé fún ìwádìí, ìwé ìbéèrè tí mo mú lọ́wọ́, Faransé ni mo fi kọ ọ́. Ìbéèrè kejì rẹ̀ nìyí: Quels bénéfices tirez-vous de la forêt? Mo túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà pé: “Èrè wo ni ẹ ń rí nínú igbó yìí?” Wọ́n dá mi lóhùn bí mo ṣe béèrè. Wọ́n ka igi ìdáná, èédú, ìgbín, olú, ewé oògùn àti igi kíkọ́ ilé. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì rò pé iṣẹ́ ti yá.

Nígbà tí mo padà lọ, mo yí ìbéèrè náà sí: “Kí ni ẹ kì í ṣe nínú igbó yìí?” Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Àwọn tó ti fi ìṣẹ́jú márùn-ún ka èrè jókòó tì mí títí oòrùn fi yẹ̀ orí. Wọ́n sọ ọjọ́ tí a kì í wọ ibẹ̀, igi tí a kì í gé, omi tí a kì í fọ nǹkan nínú rẹ̀, ẹran tí ilé kan ń jẹ tí ilé kejì kì í jẹ. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí tí mo lè kọ sí abẹ́ “bénéfices”. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ètò tí Oates ń bá jà ti wà nínú ìwé ìbéèrè mi kí n tó kúrò ní Lomé. Mo ti fi ìbéèrè mi kọ́ wọn pé owó ni kí wọ́n máa sọ.

Ẹdun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù. Ìyá ìbejì ni ìyá àgbà mi. Ẹran ẹdun kò gbọdọ̀ wọ ilé wọn, ìkòkò tí a bá fi sè é di àjèjì. Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé ẹdun àti ìbejì jọ ń rìn. Orúkọ ẹranko náà wà nínú oríkì àwọn ọmọ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ìyá àgbà léèrè pé èrè wo ni wọ́n ń rí lára ẹdun, wọn yóò rò pé orí onítọ̀hún kò pé. Wọn kò sì ní sọ pé ẹdun ní iyì tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹranko, bí Oates ṣe máa sọ ọ́. Ìbátan ni wọ́n ń kà á sí, a kì í sì í béèrè èrè lọ́wọ́ ìbátan kí a tó jẹ́ kó wà láàyè.

Ẹranko tí Oates fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ẹdun ni òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà Uganda yàtọ̀ sí tiwa. Ẹ̀yà tiwa, Colobus vellerosus, wà láti Côte d'Ivoire títí dé Benin, àwọn àjọ àgbáyé sì kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu jù lọ. Ibi tí ó ti ń pọ̀ sí i nìkan ni mo fẹ́ kí a wò.

Ní àárín Gánà, abúlé méjì wà tí a ń pè ní Boabeng àti Fiema. Èèwọ̀ ni ọ̀bọ àti ẹdun níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n ń sin ín bí ènìyàn. Láàrin ọdún 1970 sí 1980, àwọn onígbàgbọ́ kan tí èèwọ̀ náà kò dè mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Àwọn àgbà abúlé kò dúró de àjọ òkèèrè. Wọ́n tọ ìjọba lọ fún ìrànlọ́wọ́, ní 1975 sì ni ìjọba ìbílẹ̀ Nkoranza ṣe òfin tó ka pípa àwọn ẹranko wọ̀nyí léèwọ̀. Àwọn onímọ̀ tí Pascale Sicotte darí nígbà tí ó wà ní Yunifásítì Calgary tẹ̀lé àwọn ẹdun ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kíkà wọn sì fi hàn pé iye wọn lọ sókè. Ní Kikélé náà, ní agbègbè Bassila ní orílẹ̀-èdè Benin, inú igbó mímọ́ ni ẹdun ti rí ibi sá sí.

Ní Boabeng-Fiema, òfin wà gẹ́gẹ́ bí Oates ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n òfin náà tẹ̀lé èèwọ̀. Àwọn tó ní èèwọ̀ ló ní kí òfin wá gbè wọ́n lẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba yí padà ní Gánà, tó sì tún yí padà, kò sí ẹni tó rò pé ẹdun ibẹ̀ jẹ́ ẹdun ìjọba.

5. Ibi tí èèwọ̀ ti mọ

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka iṣẹ́ yìí bí ìgbà tí mo ń gbé àṣà ga lásán. Oates tọ̀nà pé èèwọ̀ kò wà láti dá igbó sí. Èèwọ̀ ilé wa dá ẹdun sí, kò sì sọ nǹkan kan nípa ẹtu, ìgalà tàbí erin. Ilé tí kò bí ìbejì lè jẹ ẹdun. Igbó mímọ́ tó fẹ̀ díẹ̀ lè gbé agbo ẹdun kan. Kò lè gbé erin. Níbi tí tíìkì ti gba ilẹ̀, tí èédú sì ń lọ sí Lomé nínú ọkọ̀ lóru, ọ̀dọ́ tó ń wá owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ kò ní dúró béèrè ohun tí bàbá àgbà kì í ṣe. Bí èèwọ̀ bá ti kú nínú ọkàn àwọn ènìyàn, a kò lè fi ìwé òfin jí i.

Àléébù tí mo rí nínú ìwé náà ni pé ó fọ́ ìkòkò pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní àròsọ ni pé ará abúlé jẹ́ olùtọ́jú láti ìṣẹ̀dá wá, ó sì tọ̀nà. Láti ibẹ̀ ó fò lọ sórí pé ìjọba àti ẹ̀ṣọ́ ló kù. Ó fẹ́ kí a dá ẹranko sí láìwo èrè, síbẹ̀ kò fara balẹ̀ wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí òun tó dé. Ọdẹ tó ń mú onímọ̀ wọ igbó mọ ẹran tí òun kì í yìnbọn sí àti ìdí rẹ̀. Ojú onímọ̀ ni a fi ń wo igbó nínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kì í sì í fi ojú ọdẹ wò ó.

Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ wà lónìí tí iṣẹ́ wọn gba ọ̀nà mìíràn. Caleb Ofori-Boateng ti Gánà gba ẹ̀bùn Whitley ní 2019 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí Conraua derooi, àkèré inú odò òkè tí Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ Tógò pè. Òun àti àwọn ará abúlé orí òkè ló jọ ń ṣiṣẹ́ láti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Òkè kan náà ló na ọwọ́ wọ Tógò, tó sì gba ẹ̀gbẹ́ Atakpamé kọjá. Àkèré yìí kò ní owó kankan fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ó bá ohun tí Oates ń sọ mu. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà dá a sí bẹ̀rẹ̀ láti abúlé.

6. Ìkádìí

Ó yẹ kí a ka ìwé Oates ní ẹ̀ka wa, pàápàá àwa tí a kàwé ní Faransé tí kì í sábà dé ọwọ́ wa. Kò sí ìwé mìíràn tí mo mọ̀ tó fi ìgboyà bẹ́ẹ̀ sọ pé èrè kì í ṣe ìdí tó tó láti dá ẹranko sí. Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀lé e ni: ìdí wo ni àwọn tó ń gbé létí igbó ti ní tẹ́lẹ̀, ta ni ó ṣì dè, òfin wo ni wọ́n sì fẹ́ kó gbè é lẹ́yìn? Ìdáhùn lè yàtọ̀ láti abúlé kan sí èkejì. Ní ibòmíràn, a lè rí i pé kò sí ìdí kankan tó kù, Oates á sì jàre níbẹ̀.

Ní tèmi, mo ti yọ ìbéèrè kejì kúrò nínú ìwé ìbéèrè mi. Èdè Ifẹ̀ ni mo fi kọ ìbéèrè tó rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún àwọn olùtọ́sọ́nà mi. Títúmọ̀ rẹ̀ ṣòro ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí pé “interdit” tí mo kọ́kọ́ lò dún bí ọ̀rọ̀ forestier. Mo fi “èèwọ̀” sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé Faransé náà, mo sì fi ìpínrọ̀ kan ṣàlàyé rẹ̀.